Ohun Tó Wà Lábẹ́ Rọ́bà

Ọjọ́ kan ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà kí káfíńtà tó sáré dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, òjò ń kán nírun rẹ̀, ìyẹ̀fun pákó sì lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún un kò rí i rí. Ìyá rẹ̀ ló gbéṣẹ́ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé gìtá kúrò lórí igi tí mo kàn fún yín," ni ó wí. "Àárọ̀ yìí ni mo gbọ́ pé rọ́bà ara rẹ̀ máa ń jẹ fáníìṣì àtijọ́."

"Ó ti jẹ ẹ́ lánàá."

Ọmọbìnrin náà mú un wọlé lọ wò ó. Gìtá bàbá rẹ̀ tó kú lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni, èyí tí bàbá fi kọ́ òun náà bí a ti ń ta á. Ara ògiri ni wọ́n ń gbé e tì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri náà ń làágùn lásìkò òjò, ìyá sì ń bẹ̀rù kó má yọ̀ ṣubú, ló ṣe ní kí káfíńtà kan igi tí wọ́n á máa gbé e lé. Lẹ́yìn ọrùn gìtá, níbi tí àtàǹpàkò bàbá ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n mú dán, fáníìṣì ti yọ́ bí ọ̀dà, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Káfíńtà wò ó títí. Láti inú yàrá ni ìyá ti ní kó máa lọ.

Ó lọ, ṣùgbọ́n ó ń padà wá nígbà tí ìyá bá jáde. Ó kọ́ ọmọbìnrin náà bí a ti ń dẹ okùn gìtá díẹ̀ kí a tó tẹ́ ẹ sínú àpótí, kí àpótí sì jìnnà sí fèrèsé. Ó fi ẹsẹ̀ àga tó ti kán kan igi mìíràn, ó fi aṣọ òwú wé e.

"Ṣé èyí náà kò ní jẹ ẹ́?"

"Tó bá jẹ ẹ́, ẹ gbé gìtá lé mi léjìká. N kò ní mira mọ́ láyé."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ ìsìnkú. Láti ìgbà náà ni káfíńtà ti ń fi ẹ̀rín pè é ní olólùfẹ́ òun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà ń bó rọ́bà kúrò lára igi àkọ́kọ́ kó lè fi dáná. Ó bá aṣọ òwú lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n rán dáadáa. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí káfíńtà ṣàlàyé. Káfíńtà kọ́kọ́ kọ̀, kó tó jẹ́wọ́: ìyá ló ní aṣọ ń yọ̀, rọ́bà ni òun fẹ́; fúnra rẹ̀ ló gbé tíúbù kẹ̀kẹ́ wá.

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹkún tí ìyá ń sun ti tó o, olólùfẹ́ mi. Ṣé kí n tún fi èyí kún un?"

Ọjọ́ náà ni ìfẹ́ wọn kúrò lọ́rọ̀ ẹ̀rín.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà sọ fún ìyá pé òun ti rí ọkọ, pé káfíńtà ni, ìyá jókòó ti àpótí gìtá. Ó ní ipa ọwọ́ ọkọ òun ni káfíńtà pa rẹ́ lára gìtá, ohun kan ṣoṣo tó kù.

"Tó o bá fẹ́ ẹ, gìtá yìí kò ní bá ọ jáde nílé yìí. Rò ó dáadáa."

Òtítọ́ nípa rọ́bà wà lẹ́nu ọmọbìnrin náà, gbólóhùn kan péré. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí àpótí, ó gbé òtítọ́ náà mì.

"Màmá, kí gìtá máa bá yín gbé. Káfíńtà ni mo máa fẹ́."