Ìlà Ọ̀dà Lára Àga Kẹwàá

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni àga kẹsàn-án já bọ́, kí ẹnikẹ́ni tó gun Gbémiròkè. Àpò iyanrìn ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe èèyàn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn nínú ọgbà ìṣeré etíkun náà láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí: kí wọ́n tó ṣí géètì, wọ́n á kó àpò iyanrìn sínú àga mẹ́rìndínlógún tó so rọ̀ lára Gbémiròkè, àgbá kẹ̀kẹ́ gìrìwò tó ń gbé èèyàn yípo lọ sókè, wọ́n á yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyípo kejì ni irin ké. Àga kẹsàn-án já láti òkè pátápátá, ó fọ́ òrùlé ilé tíkẹ́ẹ̀tì, iyanrìn sì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Àwọn òbí tó ti tò sẹ́nu géètì rí i. Wọ́n fa ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n yí padà sílé.

Ìyá Gíríìsì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí bíréèkì. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti ń fi gíríìsì pa Gbémiròkè lára. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ kú, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti orí òkun wá ti jẹ ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ọgbà yẹn, ọ̀dà ara àwọn ẹṣin onígi, páànù ilé ìpápánu, àní àkọlé ẹnu géètì pàápàá. Kò tíì jẹ bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo rí lára Gbémiròkè.

Eruku kò tíì rọlẹ̀ tí ọkùnrin kan fi wọlé. Ó wọ kóòtù, ó gbé báàgì aláwọ, bàtà rẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè fi ṣe dígí. Ó ní aláyẹ̀wò ìjọba lòun. Kò bèèrè ọ̀nà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹṣin onígi kọjá, ó lọ tààrà síbi tí àga já sí.

"Ta ló ń tọ́jú nǹkan yìí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ? Obìnrin?"

"Irin ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gun àkàbà lọ síbi òrùlé tó fọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ìdajì bọ́ọ̀tì kan tó ti dípẹtà sí i níwájú. "Ìgbà wo lo fọwọ́ kan bọ́ọ̀tì àga kẹsàn-án yìí kẹ́yìn?"

"Oṣù tó kọjá."

"Irọ́ ni. Ìpẹtà ọdún mẹ́ta nìyí. Tó bá jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú àga yẹn ńkọ́? Inú ẹ̀wọ̀n ni wàá ti máa jẹ́jọ́."

Bàbá Ọlọ́gbà, ẹni tó ni gbogbo ibẹ̀, ti tẹ̀pá dé. Ó ti tó ọdún méjì tí iléeṣẹ́ kan ti ń fẹ́ ra ilẹ̀ náà kí wọ́n lè kọ́ òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀, ó sì ti kọ̀ jálẹ̀. Ọkùnrin oníbàtà dídán fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ tó. "Bàbá, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí ìwé fún wọn kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ yìí parí síbí. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, màá ti ọgbà pa, màá sì gbé obìnrin yìí lọ sí kóòtù."

Bàbá Ọlọ́gbà wo Ìyá Gíríìsì títí. "Ṣé o ti ń gbàgbé nǹkan ni? Ọjọ́ orí ń dé bá gbogbo wa."

Ó sàn kó gbá a létí.

Gbogbo ọjọ́ yẹn, ara fu Ìyá Gíríìsì. Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára àga ti pa rẹ́ tipẹ́. Àlejò ní láti kà wọ́n kó tó mọ èwo ni ìkẹsàn-án. Èyí ò kà, síbẹ̀ ó pè é ní ìkẹsàn-án. Ta ló sì pè é? Ó bi olùtajà tíkẹ́ẹ̀tì, ó bi ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin kékeré, ó bi obìnrin tó ń ta gúgúrú. Kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dalẹ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara rẹ̀. Bóyá lóòótọ́ ló gbàgbé.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí oòrùn ti là gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ wọlé lábẹ́ okùn pupa tí aláyẹ̀wò fi dí ọ̀nà. Ó ki sípánà bọ ìgbànú, ó gun òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó mọ ibi tó ń lọ. Àga kẹjọ dára. Ó dé ìkẹwàá, ó dúró.

Ẹnì kan ti fi gíríìsì tuntun bo bọ́ọ̀tì méjèèjì tó gbé àga náà dúró. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ìpẹtà yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó fi èèkánná ha á, ó kan ojú ibi tí ayùn ti gé e. Ìlà ọ̀dà òfeefèé kan sì wà lórí nọ́ọ̀tì tó de ẹnu bọ́ọ̀tì, ó gùn dé ara irin.

Ìlà yẹn ló jẹ́ kó jókòó sórí irin níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀: tó o bá de nọ́ọ̀tì tán, fi ìka ki ọ̀dà, fà á láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Tí nọ́ọ̀tì bá yí, ìlà á já, wàá sì rí i láti ìsàlẹ̀. Kò gbà kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fà á, ó ní ìka nìkan ló ń gbọ́ ohun tí irin ń sọ. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ nídìí Gbémiròkè kò lè mọ̀ ọ́n. Ìka Ìyá Gíríìsì ti dán bí ọmọ ọlọ, ìlà tirẹ̀ kì í ní àmì kankan. Èyí ní. Àpá kan dá inú rẹ̀ kọjá ní ìdábùú, ó hàn ketekete nínú ọ̀dà gbígbẹ.

Ó mọ àpá náà. Gèlè rẹ̀ ló fà ya tó fi di ìka ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan lọ́jọ́ tí ṣéènì gé e. Kíákíá ni wọ́n ń pe ọmọ náà nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra ṣe nǹkan. Ọdún mẹ́jọ ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun. Ó ti di ọkùnrin, ó ti lọ ṣiṣẹ́ níbòmíì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kì í tètè ṣẹ́jú.

"Màmá, ẹ ní ẹ mọ ìka èèyàn nínú ọ̀dà?"

"Bó o ṣe mọ ìkọ̀wé ọmọ rẹ."

"Ó lè ní láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lòun ti fà á."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ó tẹ Kíákíá láago ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. "Ọmọ mi, wọ́n fẹ́ fi mí sẹ́wọ̀n. Wá bá mi yí Gbémiròkè lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n tó tà á."

Kíákíá dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń sá. Ọkọ̀ ọkùnrin oníbàtà dídán ti wà níwájú ọ́fíìsì. Ó wà nínú ilé pẹ̀lú Bàbá Ọlọ́gbà àti ìwé. Òun àti Kíákíá rí ara wọn lójú fèrèsé, wọn ò kí ara wọn.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tà á jàre. Ẹ wá sinmi."

"Màá sinmi. Jókòó sí ìkẹwàá kó o bá mi gbọ́ ìró kan."

"Ìkẹwàá kẹ̀? Ẹ jẹ́ n jókòó sí ìkeje. Ibẹ̀ ló mọ́ mi lára."

"Kò burú. Ìkeje náà ni."

Ìyá Gíríìsì tan ẹ́ńjìnnì. Gbémiròkè kérora, ó yí. Nígbà tí ìkeje dé téńté òkè, tí èèyàn lè rí gbogbo òkun látibẹ̀, ó fa bíréèkì.

"Kíákíá, ṣó o gbọ́ nǹkan?"

"Rárá, Màmá. Ẹ mú mi sọ̀."

"Fetí sílẹ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀tì ìkeje ti gbó, mo tú ti ìkẹwàá lánàá, mo fi pààrọ̀ rẹ̀."

Kíákíá fi ọwọ́ méjèèjì di irin àga mú.

"Ẹ ní kí ni?"

"Ṣé kò dára ni?"

"Màmá, ẹ má fi mí ṣeré. Ẹ rọra mú mi sọ̀, díẹ̀díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gbọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́."

"Bọ́ọ̀tì tó dára ni, ọmọ mi. Mo rí ìlà lórí rẹ̀."

"Kò dára. Bọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà ni mo fi pààrọ̀ tiyín, mo ti fi ayùn gé e dé ìdajì. Èmi ni mo gé e, ti ìkẹsàn-án náà. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mo ti bímọ."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jáde látẹ̀yìn ilé ẹ́ńjìnnì, ó gbójú sókè. "Ta ló rán ẹ?"

"Ọkùnrin tó wà nínú ọ́fíìsì ni. Ẹ wò ó, ó ń sá lọ."

Láti òkè yẹn ló ti kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin oníbàtà dídán ti gba ojú fèrèsé bọ́ síta, ó ń sáré lọ sétíkun nítorí ọlọ́pàá wà ní géètì. Àmọ́ iyanrìn etíkun kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ń wọ irú bàtà yẹn sí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rì, bàtà kù sílẹ̀. Ó gbé ti òsì, òun náà rì. Omi ti dé orókún rẹ̀ kí wọ́n tó gbá a mú ní kọ́là.

"Mi ò mọ ọ̀gbẹ́ni yẹn rí," ó ní.

Wọ́n mú Kíákíá sọ̀ kalẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì gba fóònù rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà kan lórí rẹ̀. Àpò kóòtù ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Ọ̀gá Mi Tuntun lorúkọ tó fi pa yín mọ́ síbí. Ẹ ò gbé e ni?"

Kì í ṣe aláyẹ̀wò rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dẹ́rù ba àwọn onílẹ̀ títí wọ́n á fi tà. Ó ti ṣèlérí fún Kíákíá pé òun á fi í ṣe olórí òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣí báàgì rẹ̀, ó fi bọ́ọ̀tì ìkẹwàá méjèèjì han Kíákíá. Inú báàgì yẹn ni wọ́n ti wà láti àná, tuntun ni Ìyá Gíríìsì fi rọ́pò wọn.

"Ìwọ tó o gé bọ́ọ̀tì," Ìyá Gíríìsì bi í, "kí lo tún ń fa ìlà sí?"

Ó wo ìka rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni. "Mi ò mọ̀ pé mo fà á, Màmá. Mo ṣáà de nọ́ọ̀tì tán ni."

Wọ́n mú un lọ. Ìyá Gíríìsì kò tẹ̀ lé wọn dé géètì.

Bàbá Ọlọ́gbà jáde wá, ó ti ya ìwé náà, àwọn ègé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tó máa dà wọ́n sí. Ó ṣí fìlà.

"Mo ní o ti ń gbàgbé."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Má bínú sí mi."

"Inú ń bí mi, Bàbá. Ẹ jẹ́ n bínú di ọ̀la, ó tọ́ sí mi." Ó gba ègé ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ẹ sọ fún wọn níta pé Sátidé la máa ṣí."