Kọ̀ǹpútà Tí Kò Ṣeé Pa Dé

Ọwọ́ méjèèjì ni ọkùnrin kan fi gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin. Òjò ti lù ú. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bo kọ̀ǹpútà, ó ku òun nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, omi ń ro lára rẹ̀ tó-tó-tó.

Ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa á dé, kí omi má baà wọnú rẹ̀."

"Tí mo bá pa á dé, kò ní jí mọ́."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹlẹ́yin, ẹ wá jókòó."

Orúkọ náà mọ́ ọn lórí. Ẹlẹ́yin fúnra rẹ̀ ló ṣe ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, fún àwọn tó ń kọ ètò jẹun bíi tirẹ̀. Gbogbo ohun èlò iṣẹ́ wọn ló wà nínú rẹ̀, nítòsí ọwọ́. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè tú inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà dé tó sì sùn, ó sùn nìyẹn.

Ẹlẹ́yin ń padà wá sí ṣọ́ọ̀bù náà, kódà nígbà tí nǹkan kan kò bàjẹ́.

"Ojú rẹ ń tàn bí òṣùpá," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Ẹ fi òṣùpá sílẹ̀. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọbìnrin yìí níṣẹ́. Ó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́, ó ń tún un ṣe, bó ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ ló gbà gbọ́, kì í ṣe ohun tó dùn létí. Síbẹ̀, bí Ẹlẹ́yin bá pẹ́, ojú rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá ọmọbìnrin náà, káfíńtà tí wọ́n jọ pín ṣọ́ọ̀bù, rí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Ẹlẹ́yin ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, bàbá kò dá ayùn dúró.

"Ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì, pákó lásán ni. Lọ parí iṣẹ́ rẹ, kó o tó wá bi mí léèrè ọmọ."

Ọmọbìnrin náà fa kọ̀ǹpútà Ẹlẹ́yin sọ́dọ̀. Ó tú inú ètò náà wò, ó rí i pé ojú kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ tàn, kí inú rẹ̀ tó jí tán. Ó kọ ìlà díẹ̀ sí i, wúruwùru: dúró ná, jẹ́ kí inú jí. Ó pa á dé. Ó ṣí i. Ó jí!

Ẹlẹ́yin ka ohun tó kọ, ó fajú ro. "Ó ṣiṣẹ́, olólùfẹ́ mi, ṣùgbọ́n kò lẹ́wà. Jẹ́ kí n tún un kọ dáadáa."

"Èmi náà kò lẹ́wà. Ṣé ẹ máa tún èmi náà kọ ni?"

Ẹlẹ́yin na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ gbé ẹyin yín, ẹ máa lọ."

Ó lọ. Nílé, ó tún ìlà náà kọ lọ́nà tó dùn wò, kọ̀ǹpútà kò jí. Ó tún fi òmíràn dárà, kò jí. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọbìnrin náà ń fi ìbínú yọ ìṣó ara kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹlẹ́yin yọ lókèèrè. Ó ń ju apá kan bó ti ń bọ̀. Abẹ́ abíyá ni kọ̀ǹpútà wà, ó pa á dé pátápátá.

Ó gbé e fún bàbá. Bàbá ṣí i: ojú rẹ̀ tàn, iṣẹ́ wà níbi tó wà. Bàbá pa á dé, ó ṣí i, ó tún pa á dé, bí ẹni tó ń dán ilẹ̀kùn tuntun wò.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọmọ yín, bàbá. N kò yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń lo ètò náà ló ti gbà á báyìí. Tiwọn náà ń sùn, ó ń jí."

Ó kọjú sí ọmọbìnrin náà. Ó la ẹnu bíi pé òṣùpá tún fẹ́ jáde, ó gbé e mì. "Mo ṣìṣe. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Ìyẹn yé mi," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sí i.

Bàbá ti na okùn ìwọ̀n rẹ̀ sára pákó. "Ẹ dá ọjọ́ kíá. Mo fẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì tó ṣeé sùn, tó sì ṣeé jí."