Ìlà Kẹtàdínlógún

"Pa á rẹ́," Kíákíá wí, ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ìlà kan ṣoṣo ló ń dá wa dúró. Pa á rẹ́, kí gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ ewé, ká lọ jẹun."

Jẹ́jẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí ohùn rẹ̀ tí kì í jìnnà sẹ́nu ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì náà. Kíákíá, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní tirẹ̀, kì í ní sùúrù kí omi hó.

Lífítì ilé ìwòsàn alájà mẹ́rin ni olùkọ́ ní kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni tó gbé irin kan. Wọ́n á kọ́kọ́ bi àwọn tó ń wọ lífítì léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n á tò ó ní ìlà-ìlà. Bí lífítì wọn bá ṣe ohun tí ìlà kan wí, ìlà náà á di àwọ̀ ewé; bí kò bá ṣe é, á pọ́n bí ojú tí ata ta sí. Máàkì iṣẹ́ yìí ló máa sọ bóyá Jẹ́jẹ́ á wọ ọdún kejì.

Ìyá ìyá rẹ̀, tó ń fi ọ̀pá rìn, ni Jẹ́jẹ́ bi. Màmá àgbà ní, "Kí ilẹ̀kùn ṣáà dúró dè mí. Èyí tí mo ń wọ̀, àfi bíi pé mo bú ìyá rẹ̀, bó ṣe máa ń pa dé mọ́ mi." Ìlà kẹtàdínlógún nìyẹn. Wọ́n fún ilẹ̀kùn ní ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ìlà náà sì di àwọ̀ ewé. Àmọ́ ìlà kẹrin, tó ní kí ẹnikẹ́ni má dúró ju ìṣẹ́jú kan lọ nísàlẹ̀, wá pọ́n. Bí wọ́n ṣe ń tún ti ibí ṣe ni ti ọ̀hún ń bàjẹ́.

"Ọ̀rọ̀ màmá àgbà ni," Jẹ́jẹ́ wí.

"Ṣé màmá àgbà ló máa fún wa ní máàkì?"

Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé kò dáa, síbẹ̀ ó sún kúrò níwájú kọ̀ǹpútà fún un. Kíákíá pa ìlà náà rẹ́, ó dá ilẹ̀kùn padà sí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ ewé.

Wọ́n ti gbàgbé àṣà ibẹ̀: ẹni tí a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni a máa ń pè wá wo iṣẹ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Lọ́jọ́ náà, màmá àgbà ti jókòó síwájú, ọ̀pá láàárín orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn.

"Màmá, èwo ni tiyín níbẹ̀?" olùkọ́ bi í.

"Ọmọ mi ni kó fi hàn mí. Ó ní òun kọ ọ́."

Kíákíá tẹ Jẹ́jẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kó ṣáà tọ́ka sí èyíkéyìí, ta ló máa mọ̀? Jẹ́jẹ́ wo màmá àgbà, tó ń wá awò ojú rẹ̀ nínú báàgì kó lè rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́, Màmá. A pa á rẹ́ torí apá wa ò ká a. Ẹ má bínú."

Ó dá ìlà náà padà níṣojú gbogbo wọn. Ó pọ́n.

"Mo ti rí i láàárọ̀," olùkọ́ wí. "Kọ̀ǹpútà yìí kì í gbàgbé ohun tí a pa rẹ́. Òdo ni mo fẹ́ kọ kí o tó lanu. Mo yọ máàkì mẹ́wàá. Ẹ tún un ṣe, ẹ gbé e wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Kíákíá fajú ro. Màmá àgbà kọjú sí i. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé gbogbo ayé ni ilẹ̀kùn ọ̀hún fẹ́ máa dúró dè ni? Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́. Bí a bá ń lọ lọ́nà, mi ò kí ń dúró lásán. Mo máa ń wẹ̀yìn ni. Ẹni tí kò tíì dé ni mò ń dúró dè."

Kíákíá yíjú sí kọ̀ǹpútà. "Ojú ni ká fún ilẹ̀kùn náà," ó rọra wí. "Ohun tó máa mọ̀ bí èèyàn bá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà."

Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gun orí kọ̀ǹpútà, kò rí i."

Lọ́sẹ̀ kejì, gbogbo ìlà di àwọ̀ ewé láìpa ìkankan rẹ́. Máàkì wọn kọ́ ló ga jù, ṣùgbọ́n ó gbé Jẹ́jẹ́ wọ ọdún kejì. Ó sì ti mọ̀ pé ẹni tó pa àmì àṣìṣe rẹ́ kò tún àṣìṣe ṣe. Ìgbà tí a bá jẹ́wọ́ ni àtúnṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Màmá àgbà tún wá wò ó lọ́jọ́ náà; nígbà tí wọ́n ń sìn ín sọ́nà, Kíákíá ti ṣíwájú, bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́nu géètì ó wẹ̀yìn, ó sì dúró.

Màmá àgbà fi ìgúnpá gún Jẹ́jẹ́. "Wò ó," ó wí. "Wọ́n ti fún òun náà lójú."