Ọmọ Inú Ibùjẹ Ẹran

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, nígbà tí Tíṣà Dorcas gbé ọmọlangidi rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ eré Kérésì jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí i pé ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbọ̀n ọ́n wò, bóyá omi ló wọnú rẹ̀. Kò sí omi. Ó ní àgbà ló dé, apá òun kò gbé nǹkan bíi ti àtijọ́ mọ́, ó sì tẹ́ ẹ sínú ibùjẹ ẹran tí wọ́n kàn síwájú pẹpẹ.

Ká sọ tòótọ́, kò yẹ kí ọmọlangidi kankan débẹ̀ rárá. Ní ìjọ wọn ní Odò-Ọwá, ọmọ tó kéré jù lọ́dún ni wọ́n máa ń tẹ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì, kó dúró fún Jésù. Tíṣà ló ń ṣètò rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ àti lẹ́yìn ìgbà náà. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kan ṣoṣo ló wà lọ́dún yìí, ọmọ-ọmọ Tíṣà fúnra rẹ̀ sì ni: Ìtùnúolúwa, tí Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ rẹ̀ bí láìlọ́kọ, tí kò sì dárúkọ ẹni tó fún un lóyún.

Fẹ́yìsayọ̀ ti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Yèyé mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀. Bí ìjọ bá ti gbà á, wọn ò ní lè pè é lọ́mọ àlè mọ́."

"Ọmọ tí a ò mọ bàbá rẹ̀ ni kó wá dúró fún Jésù?" ni Tíṣà dáhùn. "Kí gbogbo ìlú máa wò mí lójú? Ikú yá ju ẹ̀sín. Gbé ọmọ rẹ jókòó sí ulé."

Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọdé ní ìtàn Màríà ló sọ bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ.

Nígbà ìwàásù, Àlùfáà Michael ní Ọlọ́run kò díbọ́n nígbà tó di ènìyàn. Ẹran ara gan-an ló gbé wọ̀. Ebi lè pa á, ọyẹ́ lè mú un, ọwọ́ ẹ̀dá sì lè pa á. Ojú Tíṣà wà lára ibùjẹ ẹran. Aṣọ funfun tó fi bo ọmọlangidi náà láyà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó wo àwọn fèrèsé. Gbogbo wọn ni wọ́n ti tì nítorí ọyẹ́.

Lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́, ó dúró títí èrò fi dín kù, ó wá bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ara rẹ̀ gbóná. Òórùn ọmú ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bí ọwọ́ Tíṣà ṣe kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àwọn ìka kéékèèké náà pa dé mọ́ ìka rẹ̀.

Ó fa ìka rẹ̀ yọ, kò pariwo. Àwọn tó ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ló wá sí i lọ́kàn, ohun tí wọ́n máa wí. Ó dì í sínú ọ̀rá tí wọ́n máa ń fi dì í lọ́dọọdún, ó ta ọ̀rá náà ní kókó, ó gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Bó ṣe ń lọ, nǹkan kan ta pákó nípàá lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré.

"Èkúté ni," ló wí fún ara rẹ̀.

Nílé, Fẹ́yìsayọ̀ jókòó sí pálọ̀, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. "Yèyé mi, láti àárọ̀ ni kò ti mu ọmú. Ara rẹ̀ ti tutù."

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú Ìtùnúolúwa náà ni, irun rẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ sórí ẹní, ojú rẹ̀ pa dé. Bí wọ́n ṣe gbé e nàró, ojú náà ṣí, ó dún kẹ́. Tíṣà yí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó ń wá àmì dúdú tí wọ́n bí ọmọ náà mọ́ ní gìgísẹ̀. Kò sí àmì. Ibi tí wọ́n ti lẹ rọ́bà méjì pọ̀ ló rí, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ náà lọ sókè.

Ó sáré padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ sọ́nà, kò wẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ́kọ́rọ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí. Èémí ti bo inú ọ̀rá náà, omi rẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀. Ẹnu ló fi fà á ya.

Ọmọ ènìyàn ni. Àmì dúdú wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ara rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò lọ sókè mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín sẹ́yìnkùlé. Fẹ́yìsayọ̀ kò jáde, kò sì sunkún. Ó pọn rọ́bà náà sẹ́yìn, ó ń rẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Tíṣà kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, ó tọrọ àforíjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ń gbá ẹ̀yìnkùlé nígbà tí Fẹ́yìsayọ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó yí ẹ̀yìn tó pọn rọ́bà náà sí i.

"Yèyé mi, ẹ fọwọ́ kàn án," ló wí jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbóná."

Tíṣà na ọwọ́. Ọwọ́ náà dúró lágbede méjì. Ẹ̀rù ń bà á pé yóò tutù. Èyí tó bà á jù ni pé ó lè gbóná lóòótọ́, kó sì tún di ìka rẹ̀ mú.

Fẹ́yìsayọ̀ kò yíjú padà. Ó ń dúró de ìyá rẹ̀.