Ohun Tí Màlúù Àkànmú Ń Jẹ

Ní ọdún kẹta tí ẹ̀rọ Ọpọ́n-Arìn ti ń bọ́ màlúù ní oko Àkànmú ní Ìdó-Eéran, wàrà kọ̀, kò dì mọ́.

Ìyá Sàlámọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń se wàrà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sè tó o ní gbogbo Òkè-Ògùn. Ó gbé mílíìkì kaná, ó fún omi ewé bomubomu sí i, ó ń retí kó ṣù. Ńṣe ló wà lómi bí omidùn. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, ó gbé ìkòkò náà tọ Ìbíwùmí lọ nínú ilé ẹ̀rọ, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá Ẹ̀rọ, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

"Ìyá, bóyá ewé yín ló ti gbó."

"Ewé kò gbó. Èmi ni mo gbó. Mílíìkì yìí ni kò ní egungun nínú."

Lásìkò tí à ń wí yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ màlúù mọ́ àfi nínú àwòrán. Ní àwọn ìlú ńlá, inú àgbá irin ni wọ́n ti ń pọn mílíìkì bí ẹni ń pọn ọtí. Àwọn oko kéékèèké díẹ̀ ní Òkè-Ògùn nìkan ni ìjọba gbà láàyè láti máa sin màlúù, ẹ̀jẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì jẹ́: ohun tó bá ti ilẹ̀ olóko jáde nìkan ni màlúù rẹ̀ yóò jẹ. Kò gbọdọ̀ sí ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, kò gbọdọ̀ sí oúnjẹ inú àpò, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sí koríko aládùúgbò. Olóko tó bá da ẹ̀jẹ́ náà, wọn yóò kó màlúù rẹ̀ lọ.

Ẹlẹ́rìí-Ikùn ló ń ṣọ́ ẹ̀jẹ́ yìí. Ohun kékeré dídán kan ni, kò ju ẹyin àparò lọ. Màlúù á gbé e mì, á sì wà nínú àpòlúkù rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Ohunkóhun tí màlúù bá gbé mì, á dárúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun ilẹ̀ ẹlòmíràn, iná pupa á tàn lára ìwo ẹran náà, ìròyìn á sì dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó àwọn oko wọ̀nyí kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ìbíwùmí ló ṣe é. Ohun tó fi ń yangàn jù nípa rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè pa á lẹ́nu mọ́, títí kan òun alára. Ó máa ń sọ pé ẹlẹ́rìí tí a bá lè bẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí mọ́.

Òun náà ló ṣe Ọpọ́n-Arìn, ọpọ́n gígùn onítáyà mẹ́fà tó ń wọn oúnjẹ fún màlúù kọ̀ọ̀kan, tó sì ń gbé e lọ bá a nídìí èèkàn rẹ̀. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú nìkan ló ti lè rìn.

Ìbíwùmí yẹ mílíìkì náà wò. Iyọ̀ egungun ló dín nínú rẹ̀, èròjà tó ń jẹ́ kí wàrà dì, tó sì ń jẹ́ kí màlúù lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi kún ewé àgúnmánìyè. Ó dín pòròpórò ọkà bàbà kù. Ó fi kún ewé ẹ̀wà. Ọjọ́ mọ́kànlá kọjá, kò sí ìyàtọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ẹ̀rọ bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Koríko kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, ìran màlúù kan náà ni. Níbo ni wọ́n ti ń rí iyọ̀ yìí tẹ́lẹ̀?

Ó lọ bá bàbá rẹ̀, Àkànmú, tó ti sin màlúù lórí ilẹ̀ náà fún àádọ́ta ọdún. Abẹ́ igi òrí ló wà, ó ń rin orín.

"Bàbá, kí ni màlúù wọ̀nyí ń jẹ nígbà yẹn tí wọn kò jẹ mọ́?"

"Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ẹ̀rọ rẹ gbà á sílẹ̀."

"Mo tún ń bi yín ni, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹni tó wọn oúnjẹ kò tíì wọn màlúù."

"Bàbá mi, ẹ má pa òwe fún mi lónìí."

Ó tutọ́ orín dànù, ó kọjú síbòmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Ìdẹ̀ra wó lulẹ̀. Màlúù yìí nìkan ló kù nínú ìran èyí tí olóògbé ìyá Ìbíwùmí fà lọ́wọ́ wọlé ọkọ, oyún rẹ̀ sì ti pé. Iwájú oúnjẹ tí Ọpọ́n-Arìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n fún un ló wó sí. Etí rẹ̀ tutù, ọrùn rẹ̀ ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti inú rẹ̀, Ẹlẹ́rìí-Ikùn ń ròyìn pé oúnjẹ pé.

Ìbíwùmí kúnlẹ̀ tì í. Ó tẹ ẹ̀rọ tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ohùn bàbá rẹ̀ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó fi ń bọ́ màlúù: eéran, ewé ẹ̀pà, èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, ó ń kà á lọ. Òun, Àkànmú àti Ìyá Sàlámọ̀ gbọ́ ọ dópin.

"Ṣé kò kù?"

"Kò kù," ni Àkànmú wí.

Ìyá Sàlámọ̀ ń fi àpò ra ẹsẹ̀ màlúù náà. Kò gbójú sókè. "Àkànmú, ẹran fẹ́ kú. Sọ ohun tí wọ́n máa ń lọ ṣe nídìí òkìtì ògán. Ọdún mẹ́ta ni mo fi rò pé o ti sọ ọ́."

Baba náà fèsì. "Wọ́n máa ń lá a ni. Láràárọ̀. Àwọn tó lóyún nínú wọn á tilẹ̀ fi eyín gé e jẹ."

"Ẹ ò dárúkọ rẹ̀."

"O ní kí n sọ ohun tí mo fi ń bọ́ wọn. Èmi kọ́ ni mò ń bọ́ wọn ní yẹ̀pẹ̀. Àwọn ará Ìgbìmọ̀ sì jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé kí n wá sọ lójú àlejò pé màlúù mi ń jẹ yẹ̀pẹ̀? Ọmọ tó bá ń jẹ yẹ̀pẹ̀, ilé tó ti wá là ń wò. Wọ́n á ní ebi ń pa ẹran Àkànmú."

"Nígbà tí mò ń wó àwọn ògán náà ńkọ́? Ẹ dúró, ẹ ń wò mí."

"Ìwọ lo sọ lójú gbogbo ènìyàn pé kò sí ohun tí ẹ̀rọ rẹ kò mọ̀ nípa ikùn màlúù. Mo gbà ọ́ gbọ́."

Ògán mẹ́sàn-án ni Ìbíwùmí wó kí Ọpọ́n-Arìn lè rí ọ̀nà tó tẹ́jú rìn, ó ní kí wọ́n fi erùpẹ̀ wọn dí kòtò ojú ọ̀nà, òjò sì ti gbá a lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó tó wó wọn, Ẹlẹ́rìí-Ikùn ti dárúkọ erùpẹ̀ fún un nígbà ogójì. Ìdọ̀tí ni òun fúnra rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ikán ló ń ti ìsàlẹ̀ jíjìn gbé erùpẹ̀ yẹn wá, hóró kọ̀ọ̀kan, tó ń fi itọ́ pò ó. Kò sí ọkọ́ tó lè wa irú rẹ̀.

Ògán kan ṣoṣo tó kù nítòsí wà lẹ́yìn ààlà, lórí ilẹ̀ Ọ̀jẹ́lérè, aládùúgbò wọn. Ìbíwùmí mú ọkọ́ àti abọ́, ó lọ síbẹ̀, ó bù ú wá.

"O mọ ohun tí iná yẹn máa ṣe," ni Ìyá Sàlámọ̀ wí.

"Èmi ni mo ṣe iná náà."

Ó kó erùpẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e síwájú imú Ìdẹ̀ra. Màlúù náà mí, ó na ahọ́n, ó lá a. Ó tún lá a. Iná pupa tàn lára ìwo rẹ̀. Wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ po ìyókù, wọ́n rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ àtàrí, Ìdẹ̀ra ti dìde. Kí oòrùn tó wọ̀, ó bí abo.

Ọjọ́ kejì ni ìdájọ́ Ìgbìmọ̀ dé. Wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí màlúù mọ́kànlá tó wà níbẹ̀ fi oko Àkànmú sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, títí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ yóò fi lè bọ́ wọn. Ìbíwùmí kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ògán. Èsì kan náà ni wọ́n fún un: Ẹlẹ́rìí rẹ kì í parọ́.

Àwọn ará oko ń bu erùpẹ̀ Ọ̀jẹ́lérè fún àwọn màlúù lójoojúmọ́, nítorí kò sí ohun tí iná pupa tún lè bà jẹ́ mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, Ìyá Sàlámọ̀ gbé mílíìkì kaná fún ìgbà ìkẹyìn. Ó dì. Ó ṣù funfun, ó le, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kó àwọn màlúù lọ, Ìbíwùmí bi bàbá rẹ̀ léèrè iye ọdún tí ògán fi ń ga.

"Èyí tó tóbi jù nínú àwọn tí o wó, orúnkún mi ló dé nígbà tí a bí ọ."

Ìbíwùmí ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì.

Bí aago ti lù, Ọpọ́n-Arìn jáde láti ilé ẹ̀rọ, ó gbé oúnjẹ tó wọ̀n dání, ó ń lọ láti èèkàn òfìfo kan sí èkejì. Kò sí ẹni tó rántí pa á. Lójú ọ̀nà rẹ̀, òkìtì ikán kékeré kan ti yọ, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Àkànmú rí i. Ó sáré díẹ̀díẹ̀ bí ẹsẹ̀ àgbà ti lè sáré, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú òkìtì náà. Ẹ̀rọ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró, nítorí kì í tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀.

Ìbíwùmí dé, ó pa ẹ̀rọ náà.

"Bàbá, ẹ dìde. Mo ti pa á."

"Mo rí i," ni baba náà wí. "Jẹ́ kí n jókòó tì í díẹ̀."