Yàrá tí A Kò Fún ní Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Òórùn epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó kọ́kọ́ pàdé wa nígbà tí Mọ́rúfù ṣí yàrá náà. Òórùn tuntun ni, bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kán epo sára irin. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án nìyẹn tí yàrá náà ti wà ní títì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò Mọ́rúfù.

Ọdún 1991 ni, ní Èjìgbò. Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe. Àyàndá, ẹ̀gbọ́n Mọ́rúfù, ló ni ilé náà. Bíríkìlà ni. Owó tó rí ní Àbíjàn ló fi kọ́ ọ, ọ̀hún náà ló sì kú sí. Wáyà àtijọ́ ti jóná, Mọ́rúfù sì ní kí n tú gbogbo rẹ̀, kí n ṣe tuntun.

Nínú iṣẹ́ wa, onílé àti oníwáyà ló máa ń jọ rìn yí ilé ká, a ó sì máa fi ṣọ́ọ̀kì fa àgbélébùú kékeré síbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yóò wà. A ti sàmì mẹ́rin sí pálọ̀, a ti fi méjì méjì sí yàrá mẹ́rin. Ó ku yàrá yìí, èyí tí Ràfíátù, opó Àyàndá, ń gbé.

"Mélòó níbí?" ni mo bi í.

"Kò sí."

"Kò sí báwo? Ṣebí ẹ̀rọ oníná ló fi ń ránṣọ jẹun." Mo tọ́ka sí ẹ̀rọ náà lẹ́bàá fèrèsé, tí wọ́n fi ìró bò.

Mọ́rúfù rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó lọ ra ẹlẹ́sẹ̀, kó máa tẹ̀ ẹ́ bí ti ìyá rẹ̀. Ọ̀gá, mo fẹ́ ṣú u lópó, ó lóun ò ṣe. Ẹni tí ò fẹ́ ọkọ nílé, kí ló fẹ́ fi iná ilé ṣe? Bó bá ti Ifẹ̀-Ọ̀dàn dé tó bá òkùnkùn, yóò padà sílé bàbá rẹ̀."

Mo mọ̀ pé ìrẹ́jẹ ni. Mo fa ilẹ̀kùn dé, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Ẹni tó bá ń ka àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ inú ọ̀rọ̀ yìí, kó ka èmi náà mọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kejì, àmì méjì wà lára ògiri yàrá náà. Kì í ṣe àgbélébùú tèmi. Òbírí kékeré ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀kán ṣọ́ọ̀kì kan láàrin. Mọ́rúfù wò wọ́n títí.

"Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń sàmì nìyẹn," ó wí jẹ́jẹ́. Ó wá àkísà tútù, ó nù wọ́n. Ó pẹ́ kí wọ́n tó parẹ́. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Mo sì bá a lọ.

Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, gbogbo yàrá yòókù ti parí. Ó ku kí n so wáyà ilé mọ́ ti òpó ìta. Kò sí iná nínú ilé náà rárá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ ọ́. Ọ̀sán gangan ni. Mo wà lórí àkàbà, mo fi apá òsì mi dì í mú, apá tó ṣẹ́ nígbà tí mo já láti orí òpó, tí kò gùn tó ìkejì mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ: ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń sáré láìdúró.

Mo sọ̀ kalẹ̀, Mọ́rúfù sì ṣílẹ̀kùn yàrá náà. Ìró ti ṣí kúrò lórí ẹ̀rọ náà. Abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò. Wáyà rẹ̀ nà gbọọrọ lórí ilẹ̀, orí rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ògiri, níbi tí òbírí kan ti wà. Kò sí ihò níbẹ̀. Mo fọwọ́ kan ògiri náà. Ó gbóná bí aáyọ̀nù.

Mọ́rúfù já aṣọ funfun kan gbà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó gbé aṣọ náà sáyà. Bùbá ni, ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àmọ́ wọ́n ti rán ọrùn rẹ̀ pa, wọ́n sì ti rán ẹnu ọwọ́ méjèèjì pa.

"Ọ̀gá," ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ, "ẹ fi méjì síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè."

Bí mo ṣe jáde lọ mú irin iṣẹ́, ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ràfíátù ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ kú ilé, ọkọ mi." Ó yíjú sí ọlọ́kadà: "Rọra gbé e o, ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ wo?" Mọ́rúfù, tó ti tẹ̀lé mi jáde, bi í.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni. Ẹ rò pé màá fi sílẹ̀ fún eku? Ṣebí ẹ wà ní mọ́ṣáláṣí láàárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ, tí mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára ilẹ̀kùn yín, tí mo gbé ẹ̀rọ mi dání."

A sáré padà sínú yàrá. Kò sí nǹkan kan lẹ́bàá fèrèsé. Ṣùgbọ́n òbírí méjèèjì ti padà sára ògiri, wọ́n sì funfun.

Ojú wọn gan-an ni mo gbẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iná ti dé yàrá Ràfíátù. Mọ́rúfù dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un, kò sì sọ̀rọ̀ opó ṣíṣú mọ́. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun tú ọrùn bùbá náà.

Ràfíátù fi ìka tọ ojú ìrán náà.

"Ta ló rán èyí? Kò sí òwú kankan nínú rẹ̀ tí mo lè tú."

Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé ti èmi ti tán. Nígbà tí mo délé, mo ṣí àpótí irin iṣẹ́ mi. Aṣọ funfun kan wà lórí àwọn irin náà, wọ́n ká a dáadáa. Wọ́n ti gé e, wọn kò tíì rán an. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní.

Apá òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ.