Ẹ́ńjìnnì Tí Odò Gbé Lọ

Adúmáadán ló kọ́kọ́ sọ fún opó tó ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù pé kó wá wo ẹ́ńjìnnì kan. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Irin ọ̀hún wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kán, kó wá wò ó.

Àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀ ni Adúmáadán, òun ló ń bá a tú ẹrù òkè òkun. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fi bẹntiróòlù nu ara ẹ́ńjìnnì kan, ó fi ṣọ́ọ̀kì ra á, ó sì tún un nù. Funfun kù sínú nọ́ńbà tí wọ́n lù sí i lára. Bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti wá nìyẹn. Nọ́ńbà kan ò sì gbọdọ̀ wà lára méjì.

"Ìyàwó," ó ní, "wá wo nǹkan."

Opó náà ò mọ̀wé, àmọ́ nọ́ńbà ò lè rẹ́ ẹ jẹ. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ọkọ rẹ̀ ló rí. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ayédèrú ni.

"Wo éje tó kẹ́yìn," Adúmáadán ní.

Éje náà dorí kodò.

Ara opó bù máṣọ. Nígbà tí wọ́n fá ojú ẹ́ńjìnnì yẹn láyé ọjọ́sí kó lè tẹ́jú, ẹ̀rọ fá nọ́ńbà lọ. Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tún un lù, ó sì di irin tí wọ́n fi ń lu éje mú lódì. Opó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọkùnrin náà fi bínú sùn. Ilé iṣẹ́ kankan ò lè lu irú ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn sì ti bá ọkọ̀ àti ọkọ rẹ̀ já sódò láti orí afárá, lọ́dún omíyalé. Àwọn òmùwẹ̀ wá a tì. Wọn ò rí ọkọ̀, wọn ò rí òkú.

Nígbà tí wọ́n pe ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ láti òkè òkun, ó sọ pé inú ọkọ̀ arúgbó kan lòun ti tú u, pé ọkọ̀ náà ò kúrò nílùú òun rí. Irin ò dípẹtà níbì kankan. Opó ti ìka bọ ọ́ọ̀lì ẹ̀. Ó mọ́, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ariwo títì rọlẹ̀, bí ìgbà téèyàn ri orí bọmi.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ti ní olówó. Awakọ̀ akẹ́rù kan ti san gbogbo owó rẹ̀, owó náà lopó sì fi gba ẹrù lẹ́bùúté. Nígbà tó dé láti gbé e, opó ní kò sí fún títà mọ́, òun á dá owó padà díẹ̀díẹ̀. Awakọ̀ ní bí owó náà kò bá tètè pé, òun á gba ṣọ́ọ̀bù. Adúmáadán bẹ opó títí pé kó jẹ́ kí wọ́n gbé e, torí ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n fi ń jẹun.

"Adúmáadán, ẹ gbọ́ mi," opó ní. "Kò sóhun tí mi ò tà rí láyé mi. Mi ò ní ta ọkọ mi."

Àwọn ará ọjà fi í ṣẹlẹ́yà, wọ́n ní opó ti fẹ́ irin. Ó ta wúrà etí rẹ̀. Ó ta jẹnẹrétọ̀. Ó ta bẹ́ẹ̀dì, ó wá ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Òtútù ò mú un.

Awakọ̀ wá gba owó tó kù. Ó dúró ti ẹ́ńjìnnì, ó ń ka owó náà. Nínú irin náà, tí kò ní epo, tí kò ní bátìrì, nǹkan kan wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́.

Awakọ̀ gbójú sókè.

"Ṣé ó pé?" opó bi í.

Ó ní ó pé.

"Ẹ máa lọ, nígbà náà."